Àrán Pupa, Aràn Funfun

Àrán ni mò ń fi bo àga lọ́jọ́ tí ọmọ mi sọ òtítọ́ fún mi, tí mo sì fi í rẹ́rìn-ín. Àga gígùn ẹlẹ́ni mẹ́ta ni. Oníbàárà ló mú àrán pupa náà wá fúnra rẹ̀, irú àrán tó jẹ́ pé tí èèyàn bá fọwọ́ rá a síhìn-ín á dúdú, tó bá tún fọwọ́ rá a sọ́hùn-ún á pọ́n. Mo kó ìṣó kéékèèké sẹ́nu bí mo ṣe máa ń ṣe, mò ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń kàn wọ́n mọ́ igi. Ọmọ mi jókòó sórí àgékù fóòmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ó ń to àgékù àrán léra wọn.

"Màámi," ó ní, "àrán tiyín pupa. Aràn tèmi funfun."

Ẹ̀rín pa mí débi pé díẹ̀ ló kù kí n gbé ìṣó mì. Mo pọ́n ọn lé, mo ní orí rẹ̀ pé. Kò rẹ́rìn-ín bá mi. Ó kàn ń wò mí, ó ń retí nǹkan, èmi sì padà sídìí òòlù mi.

Ẹni tó bá mọ ọmọ yìí kò ní bi mí ìdí tí mo fi rẹ́rìn-ín. Alárọ̀yé là ń pè é, torí bó bá jí láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jí kí ojú tó tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í yí kiri lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀nà ló ń gbé ju ilé lọ. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé ọkọ mi ló wà nínú ọkọ̀ tó lọ kó ọkọ́ lóko. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó yá, kí n sọ ọ́ kíákíá. Ahọ́n mi kọ́, ó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nítorí náà, nígbà tó gbé àrán àti aràn pọ̀, eré rẹ̀ náà ni mo pè é. Mo sọ ọ́ fún káfíńtà tó ń bá mi kan igi àga ní ṣọ́ọ̀bù kejì, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ fún oníbàárà tó ni àrán. Èyí tó burú jù níbẹ̀, mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí inú mi tó tún ru. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Nígbà tí ìyá wa kú, mi ò tíì lè wẹ̀ fúnra mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n wẹ̀ mí, wọ́n di irun mi, wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ àga. Nígbà tí mo máa lọ́kọ, àwọn ni wọ́n jókòó síbi tó yẹ kí ìyá jókòó sí. "Wọ́n" ni mo ń pè wọ́n láti kékeré, bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń pe ẹni tó tọ́ ọ. Ibi tí mo ti jáwọ́ nínú rẹ̀ wà níwájú, ẹ óò dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tọ́jú ọmọ àwọn ìyá tó bá lọ síbi iṣẹ́. Nínú pálọ̀ ara wọn ni wọ́n ti ń ṣe é, gbogbo àdúgbò sì ń pè wọ́n ní Ìyá Mọ́tótó. Orúkọ náà tọ́ sí wọn. Ilẹ̀ pálọ̀ yẹn ń dán débi pé èèyàn lè rí eyín ara rẹ̀ níbẹ̀. Bàtà kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Ọṣẹ àti ike omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹni tí kò bá fọwọ́ kò ní wọlé, onílé tó ń gbowó ilé lọ́wọ́ wọn náà ń fọwọ́. Òórùn oògùn apakòkòrò ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ kí àwọn tó kí i. Obìnrin tí oyún rẹ̀ kò tíì yọ á ti wá gba àyè sílẹ̀. Ṣé èmi tí mo jẹ́ àbúrò wọn ni n óò wá gbé ọmọ tèmi lọ síbòmíràn? Tí ilé ìwé bá ti jáde, ọ̀dọ̀ Màmá Ńlá ni Alárọ̀yé ń lọ, bó ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, títí n óò fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yìnkùlé wọn nìkan ni mi ò rí dáadáa rí. Iyanrìn wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ń se oúnjẹ eré, mo mọ̀ torí ohun tí mo máa ń rí lábẹ́ èékánná ọmọ mi. Kí àwọn ìyá tó dé nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á ti kó gbogbo wọn wọlé, wọ́n á ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n á ti fi páúdà kùn wọ́n lọ́rùn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn á sì ti wà ní títì. Tí òjò bá rọ̀, òórùn kan máa ń ti ibẹ̀ wá tí apakòkòrò kò lè bò tán. Mo rò pé láti ilé kejì ni.

Lọ́jọ́ tí mo sọ àwàdà àrán àti aràn fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń ká aṣọ ọmọ. Ọwọ́ wọn dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ yìí máa ṣe lọ́yà. Wọ́n wá fi kún un pé kí n kìlọ̀ fún un, pé ẹnu rẹ̀ ti ń pọ̀ jù fún ọjọ́ orí rẹ̀. Mo sì gbọ́ràn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pè é, mo ní kó yé fi ọ̀rọ̀ aràn ṣeré lójú àgbàlagbà, kò dáa lẹ́nu ọmọbìnrin. Ó ní ó ti gbọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹnu mi ni wọ́n lò láti fi dí ẹnu ọmọ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ikùn rẹ̀ ń yọ síwájú, apá rẹ̀ ń tín-ín-rín. Mo fi han ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní oúnjẹ tí àwọn ń fún un ló ń hàn níkùn, ṣé mo fẹ́ kí àwọn febi pa á ni. Bí mo bá bi òun fúnra rẹ̀, á fọwọ́ lé ikùn, á ní ó ń kùn. Àwa náà ṣáà máa ń sọ ọ́ nílé tí ebi bá ń pa wá pé aràn ń kùn níkùn wa. Oúnjẹ ni mo máa ń bù fún un. Á jẹ díẹ̀, á ní ó ti tó, á lọ dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù.

Àárọ̀ kan ni kò lè nà dìde lórí ẹní. Ó ká jọ, ó ń laagùn, ó sì bì, èébì náà tutù yọ̀ bí omi ewé. Ikùn rẹ̀ le bí pákó. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, wọ́n sì sáré dé. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n sáré. Ìró aṣọ lásán ni wọ́n ró wá, wọ́n kàn fi gèlè wé orí. Ẹ̀yìn wọn ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìkóríta.

Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bi wá nípa oúnjẹ, ó bi wá nípa ibà, ó bi wá nípa ìgbà tó yàgbẹ́ gbẹ̀yìn. Ó wá bèèrè bóyá aràn ti bá ìgbẹ́ jáde rí. Mo ní rárá, mo ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi yìí ló ń wà lọ́sàn-án, kó bi wọ́n léèrè.

"Kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, wọ́n sì tún gèlè wọn wé. "Ilé mi mọ́, nọ́ọ̀sì. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ládùúgbò."

Nọ́ọ̀sì náà mọ̀ wọ́n. Ta ni kò mọ̀ wọ́n? Ó fún wa ní oògùn ibà àti oògùn inú rírun, ó ní tí kò bá rọ̀, ká tètè lọ sí ọsibítù ńlá. Kò rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ṣíbí kékeré fún un lómi, ó ń bì í padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò yàgbẹ́, kò só, ikùn rẹ̀ sì ti wú débi pé awọ rẹ̀ ń dán. A gbé e lọ.

Dókítà tó gbà wá jẹ́ obìnrin, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó ti ká apá aṣọ sókè dé ìgúnpá. Ó fọwọ́ tẹ ikùn ọmọ mi díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀, kì í ṣe ikùn ló ń wò. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìdodo. Nǹkan kan wà lábẹ́ ibẹ̀ tó lọ́ jọ, bí òwú ṣe máa ń lọ́ sábẹ́ maṣíìnì tí èèyàn bá sáré rán ún jù. Ó ní ohun kan wà tí òun ń rò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan ló lè dí ìfun ọmọdé, ìtọ́jú wọn kò sì rí bákan náà. Ó fẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ fara balẹ̀ rò ó," ó ní. "Ṣé aràn ti jáde lára ọmọ yìí rí? Bóyá lẹ́nu, bóyá ní ìdí?"

Mo ní kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó tún bèèrè. Inú bí mi. Ó ṣe mí bíi pé ó ń pè mí ní ọ̀bùn, èmi tí wọ́n tọ́ nílé Ìyá Mọ́tótó. Mo ní tí ọmọ mi bá yọ aràn rí tí mo sì ń purọ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n jèrè rẹ̀. Bí mo ṣe búra nìyẹn. Orí ọmọ tó ń kú lọ lójú mi ni mo fi búra. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́yìn mi níbẹ̀, mò ń gbọ́ èémí wọn létí mi. Wọn ò fọwọ́ kàn mí. Wọn ò sọ pé dúró.

Ara ọmọ náà ló dá ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, dókítà sì gbé abọ́ sí i lẹ́nu. Ó bì lẹ́ẹ̀kan, omi ni. Ó tún bì, nǹkan kan bá a jáde, ó gùn, ó ki, ó ń yí ara rẹ̀ nínú abọ́ náà. Ó funfun.

Alárọ̀yé kò sunkún. Kò wo abọ́, kò sì wo èmi ìyá rẹ̀. Ó na ọrùn kọjá lára mi, ó ń wá ojú ẹ̀gbọ́n mi.

"Màmá Ńlá, ẹ má bínú," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó fẹ́ sùn lọ. "Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Òun ló jáde fúnra ẹ̀."

Dókítà gbé ojú sókè. Mo yíjú. Gèlè ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́ sí èjìká, ọwọ́ wọn ń wá a lórí, wọn ò rí i.

"Ìwọ mọ̀?" ni mo wí fún un.

Kò sí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ tó ń pe ẹni tó tọ́ ọ ní ìwọ. Mo pè é. Ó dún nínú yàrá yẹn ju bí mo ṣe rò lọ, nọ́ọ̀sì tó ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn kọjá pàápàá wò mí. Mi ò kó o padà. Láti ibẹ̀ lọ, "ó" ni.

Dókítà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi, ó ń bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí kò sì lè purọ́ mọ́. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni. Inú póò ló ti kọ́kọ́ rí i. Ó fi ike wé e, ó sun ún lẹ́yìnkùlé, ó da apakòkòrò sínú póò. Nígbà kejì, imú ọmọ náà ló gbà jáde níbi tó ti ń sùn lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ó fọ ojú ọmọ mi, ó fi páúdà kùn ún. Mo rántí páúdà ọjọ́ náà. Mo fi imú sí i lọ́rùn nígbà tí mo wá mú un, mo ní ó ń ta sánsán, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Wọ́n fi rọ́bà gba imú rẹ̀ lọ sínú, wọ́n fi omi sí i lápá, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀. Dókítà ṣàlàyé fún mi ní ọ̀rọ̀ tó yé mi. Aràn ló dì mọ́ra wọn tó dí ìfun. Ká ní ìfun náà ṣì wà láàyè ni, wọ́n máa dúró, wọ́n máa fi omi àti oògùn rọ̀ ọ́ títí àwọn aràn yóò fi tú fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ara ọmọ náà ti gbóná, ibì kan ti ń kú nínú rẹ̀, kò sí àyè ìdúró mọ́. Wọ́n máa là á. Ó ní ká ní ẹnì kan ti sọ ọ́ láti àná ni. Kò parí rẹ̀. Mo fi òǹtẹ̀ àtàǹpàkò mi sí ibi tí wọ́n ní kí n fi sí, mo rí i tí wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ gba ilẹ̀kùn méjì kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga gígùn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ike ni wọ́n fi bo àga náà, ó ti ya ní ojú ìrán, fóòmù rẹ̀ ti ń yọ. Èmi ò jókòó tì í. Mo dúró, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí ẹsẹ̀ mi. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun. Ó ní ìyá kan kó ọmọ rẹ̀ lọ lọ́dọ̀ òun nítorí làpálàpá lásán, ká má wá sọ aràn. Ó ní òun ti pinnu láti ra oògùn kí òun fún un jẹ́jẹ́, kó tán láìsí ariwo, ọjọ́ kan ń ti ọjọ́ kan síwájú, nígbà tí òun ò wá rí òmíràn, òun rò pé ó ti tán. Mo bi í ní ohun tó sọ fún ọmọ mi.

"Mo ní àṣírí èmi àti ẹ̀ ni," ó ní. "Mo ní tó o bá gbọ́, o ò ní jẹ́ kó wá sọ́dọ̀ mi mọ́."

"Mo sọ àwàdà ẹ̀ fún ẹ. O bá mi rẹ́rìn-ín."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe nígbà yẹn?"

"Mo forí ẹ̀ búra, o dúró sẹ́yìn mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá ń yàgbẹ́ gbuuru, òun ló máa ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rántí gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, kò sì ràn án lọ́wọ́ lójú mi, ńṣe ló tún dá kún un. Káfíńtà tí kì í ṣe ẹbí mi, tí a jọ ń jà nítorí ibi tí a ń da eruku igi sí, tó bá rí aràn nímú ọmọ mi, á pariwo débi tí n óò ti gbọ́. Ẹni tó mọ̀ mí ju gbogbo ayé lọ ló fi páúdà bò ó.

Ọmọ mi kò kú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Nígbà tí dókítà jáde, ojú ìbòmú ti ṣe àmì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ní àwọn kó aràn jáde kún abọ́, àwọn sì gé apá kan ìfun rẹ̀ tó ti dúdú, àwọn rán ìyókù pọ̀. Ó ní díẹ̀ ló kù kí a pàdánù rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí ti àkọ́kọ́ jáde, oògùn jíjẹ lásán ni ìbá tó o. Ó wá bèèrè ibi tó ti ń ṣeré. Ó ní inú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ bá kàn ni ẹyin aràn máa ń wà, ojú kò lè rí i, ọwọ́ ọmọ ló ń gbé e dé ẹnu, ọmọ mìíràn tó bá ń ṣeré níbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ lo oògùn. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́kàn mi nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí àga.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ṣé ó di dandan kí àwọn ìyá wọn gbọ́?"

Dókítà wò ó, ó wá wò mí. Ojú tì mí fún ẹ̀jẹ̀ tí a jọ pín.

Ní gbogbo ìgbà tí Alárọ̀yé fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbọ́n mi ń wá, ó ń kó aṣọ rẹ̀ lọ fọ̀, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń kó o padà wá ní kíká. Lọ́jọ́ kan ó mú mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní òun ti pe ẹni tó máa tún ẹ̀yìnkùlé ṣe. Ó ní òun máa ra oògùn, òun máa pò ó mọ́ oúnjẹ gbogbo ọmọ, kò ní sí ẹni tó máa mọ̀. Ó ní kí n má ṣe ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, nítorí iṣẹ́ yẹn náà ni òun fi tọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ló rí, òun ló tọ́ mi. Mo ní mo ti gbọ́. Ó rò pé mo gbà.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ sílé rẹ̀, ìgbà tí àwọn ìyá máa ń wá mú ọmọ. Mo bọ́ bàtà, mo fọwọ́. Mo kọjá nínú pálọ̀ tó ń dán, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúnra mi. Ògiri ṣáláńgá ti là ní ìsàlẹ̀, omi dúdú ń sun jáde níbẹ̀, ó ń wọ́ lọ sínú iyanrìn. Ìkòkò ìṣeré wà lórí iyanrìn náà, ṣíbí wà nínú rẹ̀, àmì ẹsẹ̀ kéékèèké wà yí i ká. Mo pe àwọn ìyá náà wá síbẹ̀ lẹ́sẹ̀ lásán, mo sọ ohun tí wọ́n gé nínú ọmọ mi, mo sì sọ ohun tí dókítà ní kí wọ́n ṣe. Mi ò pariwo. Obìnrin kan tó gbé ọmọkùnrin dání kàn sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí ikùn ọmọ náà, kò sì gbé e kúrò.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, aṣọ ìnulẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O dà mí," ó ní. "Àbúrò mi, o dà mí."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá láti ọsibítù tí mi ò rí sọ, òun ló kọ́kọ́ rí i lò. Mo wọ bàtà mi, mo lọ.

Ṣọ́ọ̀bù ni ọmọ mi ń wá jókòó báyìí tí ilé ìwé bá jáde. Àga pupa náà ti lọ, oníbàárà yìn ín. Ojú ibi tí wọ́n rán níkùn ọmọ mi ti jinná, ó tọ́, mi ò lè rán an tó bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹun. Ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré mọ́. Káfíńtà wá bi í lọ́jọ́ kan bóyá ọkọ̀ ti gbé ọkọ dé láti oko, ó kàn ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Lánàá mo rí i tó ń fọwọ́ pa ikùn lábẹ́ aṣọ. Mo gbé òòlù kalẹ̀. Mo bi í ní ohun tó ń ṣe é. Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ojú pópó, ó wá sún mọ́ mi.

"Màámi," ó ní, "ṣé kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, àbí kí n fi ṣe àwàdà?"

Mo yọ gbogbo ìṣó ẹnu mi sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé, mo ní kó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ní ojú ibi tí wọ́n rán ló ń yún òun. Mo ní ṣé ìyẹn nìkan ni, ó ní ìyẹn nìkan ni. Mo bá a fọwọ́ rá a jẹ́jẹ́ lórí aṣọ. Ó jẹ́ kí n rá a fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ fún Màmá Ńlá pé òun sọ.